Wáìnì Gravner láti Oslavia: kí ni kí n sọ fún oníbàárà tó ní ó ti bàjẹ́?

Àdùkẹ́_Udine

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa wáìnì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ tàbí ní ọgbà àjàrà ní Ítálì níbí.

Ilé oúnjẹ kan ní Udine ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Ọ̀gá mi ra páálí wáìnì díẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ Josko Gravner ní Oslavia. Ribolla, orúkọ irú àjàrà kan, ni wọ́n kọ sára ìgò. Èso àjàrà funfun ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dà á sínú gíláàsì, àwọ̀ oyin ló ní, ó sì ń fa ahọ́n pọ̀ bíi wáìnì pupa. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tọkọtaya kan dá a padà, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa dúró ti tábìlì tó bá béèrè rẹ̀, kí n yáa mọ ohun tí n ó máa wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yìí, kí ló sì dé tí wáìnì rẹ̀ fi rí báyìí? Ṣé inú fìríìjì ni kí n ti máa gbé e wá? Oúnjẹ wo ló bá a lọ? Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́? Owó orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni san án tán kó bínú lọ sílé.

OníṣẹÀjàrà (Gorizia)

Àdùkẹ́, àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí o tó lọ dúró níwájú wọn. Iṣẹ́ kíká èso àjàrà ni mo ń ṣe ní agbègbè Collio yìí. Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gravner rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Gorizia tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Orí òkè ni Oslavia wà, lẹ́bàá Gorizia, ẹnu ààlà Slovenia gan-an. Ogun Àgbáyé Kìíní pa abúlé náà run. Ilé ìsìnkú ńlá kan ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, egungun ọmọ ogun tó lé ní 57,000 ló wà nínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti tú yìí ni àwọn àgbẹ̀ tún gbin àjàrà sí nígbà tí ogun parí. Slovene ni ìdílé Gravner, apá kan ọgbà wọn sì wà ní òdìkejì ààlà. Ọdún 1952 ni wọ́n bí Josko.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì funfun tó mọ́ lóló. Ó ṣe é títí ó fi di olókìkí. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó kó àgbá àtijọ́ kúrò, ó ra táǹkì irin tí kì í dípẹtà. Ní àwọn ọdún 1980, ó tún kó àgbá óákù kéékèèké wọlé, irú èyí tí àwọn ará Faransé ń lò. Àwọn tó ń dájọ́ wáìnì yìn ín, àwọn oníbàárà ń dù ú. Nígbà tó di 1987, ó lọ sí California láti wo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Wáìnì tó tọ́ wò níbẹ̀ pọ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ àti èròjà ni wọ́n fi kọ́ adùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó bà á lọ́kàn jẹ́, torí ọ̀nà kan náà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ̀ nílé.

Ní 1996, yìnyín lu ọgbà rẹ̀, ó ba púpọ̀ nínú Ribolla jẹ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló fi dán nǹkan wò: ó fi omi èso àti èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n jọ máa hó títí di ọtí. Ohun tó jáde yà á lẹ́nu, ó gbọ́ adùn èso gan-an nínú rẹ̀. Ní 1997, ó rí ìkòkò amọ̀ kan gbà láti Jọ́jíà (èyí tó wà ní ẹkùn Caucasus ni mò ń wí, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà), ó fi dánwò. Ní 2000 ó lọ sí Jọ́jíà fúnra rẹ̀. Láti ìkórè 2001, inú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wáìnì rẹ̀ ti ń hó.

Kò rọrùn fún un o. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n sí wáìnì funfun tó mọ́ dá ẹrù padà nígbà tí àwọ̀ yí. Tọkọtaya tìrẹ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ribolla máa ń pẹ́ lórí igi. October ni wọ́n ń ká a lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń wọ November nígbà mìíràn. Wọ́n á yọ èso kúrò lára ìtì, wọ́n á dà á sínú ìkòkò tòun tèèpo àti kóró. Wọn kì í bu ìwúkàrà inú páálí sí i. Èyí tó bá èso wá láti oko ló ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í fi ẹ̀rọ mú un tutù, ilẹ̀ tó yí ìkòkò ká ni kì í jẹ́ kó gbóná jù. Nígbà tó bá ń hó, èèpo á léfòó, wọ́n á máa tì í padà sísàlẹ̀ léraléra lójúmọ́. Tí híhó bá rọlẹ̀, wọ́n á dé e pa. Ó di ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, lọ́dún kejì, kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n fún èèpo náà gbẹ. Ó tún padà sínú ìkòkò fún oṣù márùn-ún ó kéré tán, lẹ́yìn náà ó wọ àgbá óákù ńláńlá, ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Láti ìkórè títí dé inú ìgò jẹ́ bí ọdún méje. Wọn kì í sẹ́ ẹ rárá.

Ní ti àwọ̀ rẹ̀: wáìnì funfun tí gbogbo ayé ń mu, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èso, wọ́n á kó èèpo dànù. Inú èèpo ni àwọ̀ wà, inú èèpo àti kóró sì ni ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀ wà. Ti Gravner bá èèpo gbé fún bí oṣù mẹ́fà. Tí oníbàárà bá gbọ́ ìyẹn nìkan, ó ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

ÌyáÌbejì (London)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, ṣọ́ọ̀bù wáìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, a sì máa ń ta ti Gravner. Ẹ̀gbọ́n OníṣẹÀjàrà ti sọ ti oko, jẹ́ kí n sọ ti tábìlì.

Kí o tó fọwọ́ kan kọ́ọ̀kì ni kí o ti sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o dì mú ju gbogbo ohun tí n ó sọ lọ. Bí ìgò bá ti ṣí, tí wọ́n wá rí àwọ̀ tí wọn kò retí, ohunkóhun tí o bá wí lẹ́yìn náà yóò dà bí àwáwí létí wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ má retí wáìnì funfun tó mọ́ o, èèpo èso ló fún èyí ní àwọ̀,” àwọ̀ kan náà á di ohun tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún.

Má gbé e láti inú fìríìjì fún wọn. Bó bá tutù jù, òórùn rẹ̀ á kú, ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀ nìkan ni wọn yóò máa gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn gé obì jẹ láìtíì jẹun. Dìgírì 14 sí 16 ló dáa. Bí yàrá ìgò yín bá tutù níwọ̀nba, láti ibẹ̀ tààrà ni kí o ti gbé e. Tó bá jẹ́ fìríìjì nìkan lẹ ní, tètè yọ ọ́ kí wọ́n tó jókòó.

Gíláàsì tó fẹ̀ ni kí o lò, èyí tí ẹ ń lò fún wáìnì pupa tó dáa, kì í ṣe èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Gravner fúnra rẹ̀ ní ife kan tó ní kí wọ́n ṣe fún òun, kò lẹ́sẹ̀, wọ́n wo àwo amọ̀ tí àwọn ará Jọ́jíà fi ń mutí kí wọ́n tó ṣe é. Kò pọn dandan kí ẹ ní in.

Ṣí i ṣáájú, kí o rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì bí wọ́n bá gbà. Bu díẹ̀ fún wọn lákọ̀ọ́kọ́, kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí. Ohun tí wọn yóò gbọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá jókòó àti èyí tí wọn yóò gbọ́ nígbà tí ẹran bá dé kò ní rí bákan náà. Sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lú. Àwọn tó fẹ́ràn wáìnì máa ń gbádùn kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ní ti èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́, àwọ̀ kọ́ ni o fi ń mọ̀ ọ́n, imú ni. Bó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgò ẹnikẹ́ni, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Gbà á padà láìjiyàn, kí ọ̀gá yín bá ẹni tó tà á fún un sọ ọ́. Bó bá ń rùn bíi ọtí kíkan tó gbóná nímú, tàbí bí oje tí wọ́n fi ń kun èékánná, gbé e lọ bá ọ̀gá. Bó bá jẹ́ pé ó ṣú díẹ̀ tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é, wọn kò sẹ́ ẹ ni. Òórùn oyin, èso gbígbẹ, ewé gbígbẹ, èròjà ọbẹ̀, gbogbo ìyẹn wà ní ipò wọn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi ni ti owó. Mi ò tíì rí Ribolla Gravner níbi tí kò tó 60 yúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé oúnjẹ ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ribolla kan wà ní ọjà tí kò tó 15. Èso kan náà ni. Kí ni Àdùkẹ́ máa sọ fún ẹni tó bá bi í léèrè pé kí ló mú u wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

OníṣẹÀjàrà (Gorizia)

Ìbéèrè gidi ni, kí Àdùkẹ́ má sì sá fún un.

Èkíní, ọdún méje. Ribolla olówó kékeré tí o rí yẹn, ìkórè September ni, ó ti wà lórí tábìlì kí ọdún tó yípo. Ti Gravner, ìkórè ọdún tí ọmọ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tà nígbà tí ọmọ náà bá ti wọ girama. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń sanwó fún òṣìṣẹ́, ilẹ̀, àgbá àti yàrá abẹ́ ilẹ̀, kò sì tíì rí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Èkejì, kò jẹ́ kí igi so púpọ̀. Ẹni tó bá ti ká èso rí mọ̀ pé igi tó so díẹ̀ ni adùn rẹ̀ máa ń ki. Òun a sì máa dúró títí èso yóò fi pọ́n dénú, nígbà tí àwọn aládùúgbò ti ká tiwọn lọ. Òjò October lè dé kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ewu ni, ewu sì lówó.

Ohun mìíràn tó ń wú mi lórí: ó gbẹ́ adágún omi sáàárín ọgbà, kí ẹyẹ àti kòkòrò lè padà wá gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ tó yẹ kó so àjàrà ló fi gbẹ́ omi yẹn. Kò sí ìgò kankan tó tìdí rẹ̀ jáde, àmọ́ ó dá a lójú pé ọgbà tí àjàrà nìkan wà nínú rẹ̀ kì í lera.

Èyí tó fi ìwà rẹ̀ hàn jù lójú tèmi ni ti Breg. Breg ni wáìnì rẹ̀ kan tó ń fi àjàrà Chardonnay, Sauvignon, Pinot Grigio àti Riesling Italico pò pọ̀. Ó ń tà dáadáa. Ó pinnu pé èso tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí kò ní ohun tí wọ́n ń ṣe lórí òkè òun mọ́, ó fà wọ́n tu. Ìkórè 2012 ni Breg ìkẹyìn. Nísinsìnyí, Ribolla ló kù fún funfun, Pignolo fún pupa, ọmọ ilẹ̀ Friuli, ẹkùn tí a wà yìí, sì ni méjèèjì. Ribolla ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ agbègbè yìí láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Bí ọ̀gá rẹ bá ní Breg nílẹ̀, Àdùkẹ́, sọ fún un kó má ta á bí ẹni ń ta omi.

Àdùkẹ́_Udine

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àdúrótì. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú. Oníbàárà kan ní òun ń mu wáìnì amọ̀ yìí torí pé kò ní kẹ́míkà kankan, kì í sì í fọ́ òun lórí. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn ìgò, mo rí i pé wọ́n kọ “contiene solfiti” síbẹ̀, ìyẹn ni pé solfiti wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n sọ?

ÌyáÌbejì (London)

Má ṣèlérí ìlera fún ẹnikẹ́ni lórí ọtí, ọmọ mi. Ọtí ni ọtí. Ẹni tó bá mu ún jù, orí á fọ́ ọ, yálà inú amọ̀ ló ti wá tàbí inú irin.

Solfiti ni ohun tó ń wá láti ara imí-ọjọ́. Wọ́n ń fi díẹ̀ sí wáìnì kó má bàa kan, kí atẹ́gùn má sì bà á jẹ́. Ìwúkàrà pàápàá máa ń pèsè díẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí omi èso bá ń hó. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni pé bó bá ti ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Gravner ń lo díẹ̀, kì í sì í fi pamọ́. Àwọn kan wà ní Oslavia náà tí kì í fi sí i rárá. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé díẹ̀ ni, àti pé kò sí ìwúkàrà àjèjì tàbí èròjà tó ń yí adùn padà nínú rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn, ó sì tó.

Ẹni tí solfiti ń ṣe ní jàǹbá, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée, jẹ́ kó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Má fojú kékeré wo ìyẹn o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tbilisi

Ẹ káalẹ́ o. Jọ́jíà ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn fi fà mí wá síbí. Kvevri ni wọ́n ń pè é. Mo ti dé abúlé tí wọ́n ti ń mọ ọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Amọ̀mọ̀ á máa fi amọ̀ yí i ká díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á jẹ́ kí ti òní gbẹ kó tó fi ti ọ̀la lé e, títí tí yóò fi ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbà. Ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ikùn rẹ̀ tóbi. Kò lè dá dúró lórí ilẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń rì í sí títí dé ọrùn, ẹnu nìkan ló máa ń yọ.

Ìdí ṣóńṣó yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Kóró àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọra rì sínú rẹ̀, ojú kékeré nìkan ni wọ́n á fi kan wáìnì, tí adùn kíkorò kóró kò fi ní pọ̀ jù. Wọ́n á yọ́ ìda oyin, wọ́n á fi pa inú ìkòkò nígbà tó ṣì gbóná láti iná, kí amọ̀ má bàa máa fa ọtí mu. Ìda náà kò dí i pa pátápátá. Ẹ má sọ fún oníbàárà pé amọ̀ ló fún wáìnì ní àwọ̀ tàbí adùn erùpẹ̀ o. Èèpo ni, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí.

Fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tó nira jù. Èèyàn á wọnú rẹ̀ lọ, á máa họ ọ́, á máa fi omi fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́ kedere. Ìkòkò tí wọn kò fọ̀ dáadáa á ba ti ọdún tó ń bọ̀ jẹ́.

Àwọn ará ibí kò kà á sí àṣà tuntun rárá. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwókù ìkòkò tí wáìnì ti wà nínú rẹ̀ ní bí ọdún 8,000 sẹ́yìn. Ní 2013, UNESCO kọ ọ̀nà kvevri mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Àwọn ará Jọ́jíà ni Gravner ti kọ́ ọ, òun náà a sì máa wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń sọ ìtàn náà nídìí tábìlì, ẹ dárúkọ Jọ́jíà.

OníṣẹÀjàrà (Gorizia)

O ṣé gan-an, àbúrò. Ti ìdí ṣóńṣó yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

Alásè_Trieste

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ìdí ààrò. Àdùkẹ́, ohun tó jẹ́ kí wáìnì yìí dùn-ún gbé sórí tábìlì ni pé ó ní agbára wáìnì pupa, ó sì ní kíkan wáìnì funfun. Oúnjẹ tó lọ́ràá ló ń wá. Ẹ máa ń se frico ní Udine, mo mọ̀ dájú: wàràkàṣì Montasio àti pòtétò tí wọ́n dín pọ̀ títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀rá wàràkàṣì yẹn á tu ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀ lójú, kíkan inú wáìnì á sì fọ ẹnu mọ́ fún òkèlè tó kàn. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lo fẹ́ dábàá, frico ni kí o dárúkọ.

Prosciutto San Daniele, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n gbẹ, dáa. Ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí wọ́n yan dáa. Ọbẹ̀ jota tiwa ní Trieste, ẹ̀wà pẹ̀lú kábéèjì kíkan àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó bá a lọ débi pé mo máa ń bi ara mi léèrè ìdí tí èèyàn ṣe ń mu nǹkan mìíràn sí i. Brovada náà wà, tọ́nípù tí wọ́n rì sínú èèpo àjàrà títí tó fi kan. Ìyẹn àti wáìnì yìí, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, èèpo ló bí àwọn méjèèjì.

Ohun tí kò bá a lọ ni ẹja tútù tí kò ní ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n kàn bu omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Wáìnì á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ohun dídùn lẹ́yìn oúnjẹ náà kò bá a lọ.

Fún ilé tiwa, ẹni tó bá rí ìgò kan rà, ẹ̀fọ́ rírò tí irú àti ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó gbìyànjú. Irú náà ń wá ọtí tó lágbára láti dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dín ata kù gan-an. Ata gbígbóná àti ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀ kì í gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀, ẹnu á máa ta ẹni.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó Gravner ńkọ́? Ṣé kò sí ẹlòmíràn lórí òkè náà?

OníṣẹÀjàrà (Gorizia)

Wọ́n wà, wọ́n sì dáa. Radikon ni kí o kọ́kọ́ wá. Stanko Radikon ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní 2016, ìdílé rẹ̀ sì ń bá a lọ. Òun ni ÌyáÌbejì ń tọ́ka sí lókè nípa ẹni tí kì í fi imí-ọjọ́ sí i. Wọn kì í lo ìkòkò. Àgbá igi ńláńlá ni wọ́n ń fi èèpo àti omi èso sí, fún oṣù díẹ̀. Ìgò wọn yàtọ̀: ìdajì lítà ni ọ̀kan, lítà kan ni èkejì. Ìdajì lítà yẹn wúlò fún tọkọtaya tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, Àdùkẹ́. Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́.

La Castellada, Dario Prinčič àti Primosic náà wà ní Oslavia, gbogbo wọn ń ṣe Ribolla tó bá èèpo gbé. Kò sí èyí tó jọ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò wọ́n, kó kọ̀wé ṣáájú, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà dé àlejò.

Àdùkẹ́_Udine

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó tọ́, ní èdè Ítálì ni n ó máa sọ ọ́ fún wọn:

“Ribolla ni, èso àtijọ́ ti agbègbè yìí, láti Oslavia. Wọn kò yọ èèpo èso kúrò nígbà tó ń di ọtí, ìyẹn ló fún un ní àwọ̀. Ọdún méje ló lò nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n kọ́ láti Jọ́jíà. A kì í gbé e wá ní tútù. Ẹ rọra mu ún, yóò máa yí padà bí ẹ ṣe ń jẹun. Tí ẹ bá jẹ frico sí i, inú yín á dùn.”

OníṣẹÀjàrà (Gorizia)

Ó dáa púpọ̀. Tún ibì kan ṣe: kì í ṣe gbogbo ọdún méje ló lò nínú ìkòkò. Ọdún kìíní ni ti ìkòkò, mẹ́fà tó kù jẹ́ ti àgbá óákù. Oníbàárà tó mọ̀ lè mú ọ lórí ìyẹn. Ohun tó kù péye.

ÌyáÌbejì (London)

Ó dùn mọ́ mi nínú. Fi èyí kún un fún ara rẹ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹnìkan ti pè láti fi ìgò kan sílẹ̀ dè é, gbé ìgò náà nàró láti àná ọjọ́ náà, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá ń dà á, dúró nígbà tí o bá rí i tó ń ṣú bọ̀ ní ọrùn ìgò.

Àdùkẹ́_Udine

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀kan tó kù: bí ọ̀gá bá fẹ́ kí a máa tà á ní gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mélòó ni ìgò tó ti ṣí lè wà?

ÌyáÌbejì (London)

Wáìnì funfun lásán, ọjọ́ kejì ni àárẹ̀ ti ń mú un. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ti bá a jẹ́ ojúlùmọ̀ láti inú àgbá, ohun tó sì wá láti ara èèpo ń dáàbò bò ó. Dé e padà, fi sí ibi tó tutù tí oòrùn kò dé, á lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láìsí wàhálà. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ti ọjọ́ kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn jù. Kọ ọjọ́ tí o ṣí i sára ìgò pẹ̀lú bírò, kí o sì máa tọ́ ọ wò fúnra rẹ lójoojúmọ́ kí o tó bù ú fún ẹnikẹ́ni.